Bob Johnson: Orúkọ Ènìyàn Di Orúkọ Iṣẹ́

Fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ilẹ̀ Ghana, aláwàdà tó bá fi ẹfun kun ẹnu, tó wọ ṣòkòtò alábùlẹ̀, tó sì jáde sórí ìtàgé, Bob ni wọ́n ń pè é. Bob Cole, Bob Ansah, Bob Okalla: wọn kì í ṣe ọmọ ìyá. Ishmael Johnson ni wọ́n jogún orúkọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ìtàn rẹ̀ ni a sì fẹ́ sọ fún ẹ̀yin ònkàwé wa.

Saltpond ni a bí i sí ní 1904, ṣùgbọ́n Sekondi, èbúté ọkọ̀ òkun, ni ó ti dàgbà. Níbẹ̀ ni Tíṣà Yalley ti bẹ̀rẹ̀ sí ṣe kọ́ńsáàtì ní 1918, lásìkò àjọ̀dún Ẹ́ńpáyà. Gẹ̀ẹ́sì ni tíṣà náà ń sọ, àwọn ọ̀mọ̀wé àti olówó ni ó sì ń wò ó. Ní Àkrà pẹ̀lú, Alfred Ocansey, oníṣinimá, mú òṣèré adúláwọ̀ méjì, Glass àti Grant, wá láti Amẹ́ríkà ní 1924. Àwọn ọ̀tọ̀kùlú ni ó ń ya lọ wò wọ́n.

Johnson kò fi eré náà sílẹ̀ fún wọn. Ó da èdè Fante pọ̀ mọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì gbé e tọ àwọn mẹ̀kúnnù lọ. Ní 1930, ẹgbẹ́ rẹ̀ ń jẹ́ Two Bobs and Their Carolina Girl. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ náà tàn yín o: ọkùnrin ni “ọmọbìnrin” ọ̀hún! Ní 1935, òun, Charles Turpin àti E. K. Dadson di Axim Trio. Dadson ni ó ń ṣe obìnrin. Wọ́n dé Nàìjíríà wa níhìn-ín. Nígbà tí Nkrumah sì ń jà fún òmìnira, wọ́n fi eré gbè é lẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n eré wọn kò sí nínú ìwé. Ẹnu ni wọ́n fi ń gbé e kalẹ̀, tí ilẹ̀ bá sì ti mọ́, ó tán. Efua Sutherland, tó dá Drama Studio sílẹ̀ ní Àkrà ní 1961, ni ó kọ ìtàn ayé Johnson sínú ìwé ní 1970. Ìwé kékeré ni, ṣùgbọ́n àwa kò lè fojú kéré rẹ̀.

Wọ́n wó Drama Studio náà nígbà tó yá, wọ́n sì kọ́ Gbọ̀ngàn Eré ti Orílẹ̀-Èdè sórí ilẹ̀ rẹ̀, èyí tí a ṣí ní 1992. Níbẹ̀ ni àwọn oníṣẹ́ ọṣẹ Key Soap ti ń náwó sí kọ́ńsáàtì lẹ́yìn náà, tí tẹlifíṣọ̀n ń gbé e wọ inú ilé gbogbo, tí Bob Okalla sì ń pa tọmọdé tàgbà lẹ́rìn-ín.