Ohun tí àgbá ògógóró àti òpó irin ilé-iṣẹ́ ọtí fi jọra

Iṣẹ́ ọtí kì í ṣe àjèjì ní agbègbè Itele, Sango àti Ọ̀tà. Igbẹsa, tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ado-Odo/Ọ̀tà kan náà pẹ̀lú Itele, ni wọ́n kọ́ ilé-iṣẹ́ Allied Atlantic Distilleries sí, kí ẹ̀gẹ́ àwọn àgbẹ̀ lè di ẹ̀tánọ́ọ̀lù, ìyẹn ògidì ọtí. Àwọn òpó irin gíga ni wọ́n fi ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ìmọ̀ tó wà nínú òpó náà kò yàtọ̀ sí èyí tí àwọn tó ń se ògógóró létí omi Ìlàjẹ fi ń jẹun.

Olómi kọ̀ọ̀kan ló ní ìwọ̀n ooru tó fi ń hó. Omi kò ní í hó títí ooru yóò fi dé 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ṣùgbọ́n 78 ti tó fún ọtí. Bí wọ́n bá gbé ẹmu tó ti kan kaná nínú àgbá, ọtí inú oru tó kọ́kọ́ jáde máa ń pọ̀ ju ti inú ẹmu náà lọ fíìfíì. Páìpù yóò gbé oru yìí gba inú omi tútù kọjá, oru yóò di olómi padà, yóò sì máa kán sínú ìgò. Ògógóró dé nìyẹn. Láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, pàápàá láwọn ọdún 1930 tí gínnì òkèèrè di ọ̀wọ́n, inú igbó ni wọ́n ti ń sè é, nítorí òfin kò fàyè gbà á.

Ìṣòro àgbá ni pé bí èyí tó wà nínú rẹ̀ bá ti tán, àfi kí wọ́n da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nù, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọtí náà le sí i gbọ́dọ̀ tún un sè. Aeneas Coffey, ará Ireland, ló gbàwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ kan tó yanjú èyí ní ọdún 1830. Agbowó-orí ọtí ni ọkùnrin yìí tẹ́lẹ̀, àwọn tó ń se ọtí ìkọ̀kọ̀ sì ti ṣe é léṣe rí.

Òpó méjì ni ẹ̀rọ rẹ̀ ní. Nínú èkíní, wọ́n to àwo irin onííhò léra wọn. Ọtí kíkan ń ṣàn bọ̀ láti òkè, oru omi gbígbóná ń gòkè láti ìsàlẹ̀. Lórí àwo kọ̀ọ̀kan, oru ń gba ọtí, ó ń fi omi sílẹ̀, àfi bí ẹni pé wọ́n tún ògógóró kan náà sè léraléra lórí iná kan ṣoṣo. Nínú òpó kejì ni ọgbọ́n Coffey ti ga jù: páìpù tó gbé ọtí kíkan tútù bọ̀ ló ń mú kí oru tó ń jáde di olómi, oru náà sì ń ta ọtí kíkan lóoru kó tó dé òpó èkíní. Iná kì í ṣòfò, iṣẹ́ kì í dúró, agbára ọtí tó ń jáde sì lè ju 90 nínú 100 lọ.

Ọgbọ́n yìí kan náà ni Carl von Linde, ará Jámánì, lò fún afẹ́fẹ́ ní 1902. Ó mú un tutù títí ó fi di olómi, ó sì ya ọ́síjìn, tó ń hó ní 183 lábẹ́ òdo, kúrò lára náítírójìn, tó ń hó ní 196 lábẹ́ òdo.

Ṣùgbọ́n àgbá ní ohun tí agbára rẹ̀ kò ká. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2015, àwọn èèyàn ní Ode-Irele, ìpínlẹ̀ Oǹdó, bẹ̀rẹ̀ sí í kú lẹ́yìn tí ojú wọn ṣú. Àwọn kan ní òrìṣà ìlú ló ń bínú. Àyẹ̀wò fi hàn pé mẹ́tánọ́ọ̀lù ni. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Rivers lọ́dún náà, ìjọba àpapọ̀ sì fòfin de ògógóró ní oṣù Kẹfà.

Mẹ́tánọ́ọ̀lù tó ń wá látinú ẹmu fúnra rẹ̀ kéré púpọ̀. Ewu ńlá ni kí ẹnì kan bu èyí tí wọ́n ṣe fún ilé-iṣẹ́ lu ọtí. Ìwọ̀n 65 ló ń hó, ó sún mọ́ 78 débi pé àgbá kan kò lè yà wọ́n tán. Ojú kò lè dá a mọ̀, ahọ́n náà kò sì lè fi ìyàtọ̀ hàn. Ó lè tó wákàtí 12 sí 24 kí inú rírun, èébì àti ojú ṣíṣú tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ẹ̀dọ̀ bá ti sọ ọ́ di ásíìdì. Ilé ìwòsàn ní oògùn tó lè dá ẹ̀dọ̀ dúró lẹ́nu iṣẹ́ náà, bí wọ́n bá tètè gbé aláìsàn débẹ̀.