Ọ̀pọ̀lọ́ tí Èkó Wà Nínú Ìwé Ìbí Rẹ̀

Bí odò Ògùn bá kún, tí omi wọ àdúgbò ní Mile 12 l'Ékòó, ọ̀pọ̀lọ́ ló ni òru. Ará Kétu àti Ìkòsí kì í ya orúkọ wọn sọ́tọ̀ púpọ̀. Èyí tí ẹnu ń jẹ là ń pè ní àkèré tàbí kọ̀ǹkọ̀, ọ̀pọ̀lọ́ ni ìyókù. Ọ̀kan wà nínú ìdílé yìí tí gbogbo ayé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ mọ̀, tó sì jẹ́ pé Èkó ni wọ́n kọ sí ibi tó ti wá.

Lọ́dún 1864, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó, John Edward Gray ti British Museum ṣàpèjúwe rẹ̀. Xenopus tropicalis ló ń jẹ́ lónìí. Inú omi ló ń gbé, ibẹ̀ náà ló sì ti ń ké. Ara rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ojú rẹ̀ kéékèèké wà lókè orí, kò ní ahọ́n rárá. Ìka mẹ́ta ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan ní èékánná dúdú. Ìlà kéékèèké tò sí ìhà rẹ̀ bí ojú rírán aṣọ. Òun ló fi ń mọ̀ bí nǹkan bá mira nínú omi. Ọmọ rẹ̀ tí kò tíì yọ ẹsẹ̀ ní irùn ẹnu méjì gígùn, tó jọ ti ẹja àrọ̀ tí àwọn obìnrin ń tà láàyè nínú ọpọ́n.

Àwọn kan wà ní Kamẹrúùnù tó jọ ọ́ débi pé ojú lásán kò lè yà wọ́n. Krómósómù ló tú àṣírí: 20 ni ti ọ̀pọ̀lọ́ ará Èkó, 40 ni tiwọn. Láyé àtijọ́, ẹ̀yà méjì gun ara wọn, àwọn ọmọ sì gbé gbogbo ẹrù ìyá àti ti bàbá láìdín. Ìdajì ẹrù náà fara pẹ́ ti ará Èkó. Ẹni tó ni ìdajì kejì kò sí láàyè níbi tí a lè rí i.

Nítorí náà ni ẹ̀rí ṣe ń tako ẹ̀rí. Jíìnì láti ìdajì àkọ́kọ́ yóò ní ọmọ ìyá ni ará Èkó àti àwọn ti Kamẹrúùnù. Ẹ̀dà rẹ̀ láti ìdajì kejì yóò ní ìbátan òkèèrè ni. DNA inú mitokọ́ńdríà tilẹ̀ tún wà, èyí tí ọmọ ń jogún lọ́wọ́ ìyá nìkan. Ẹni tó bá gbára lé e dà bí ẹni tó ki ọmọ ní oríkì ilé ìyá, tó sì gbà pé òun ti mọ ìdílé rẹ̀ tán.

Ìdí nìyí tí onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Ben Evans àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi kó jíìnì, ìrísí ara, igbe akọ àti àkọsílẹ̀ àtijọ́ pọ̀ lọ́dún 2015. Wọ́n dárúkọ ẹ̀yà tuntun mẹ́fà nínú Xenopus, wọ́n sì jí calcaratus dìde, orúkọ tí wọ́n ti kọ́kọ́ sọ ọ̀kan nínú àwọn ti Kamẹrúùnù lọ́dún 1875.

Ti ará Èkó ti kúrò ní kékeré: lọ́dún 2010, òun ni ẹranko àkọ́kọ́ nínú ìran ọ̀pọ̀lọ́ tí wọ́n ka gbogbo àbùdá rẹ̀ jáde, ìran tí wọ́n mú láti Nàìjíríà ni wọ́n sì lò. Ó dun ni pé ọmọ ilé ìwé Kòsọ́fẹ́ lè kàwé yanjú láìgbọ́ èyí rí. Orúkọ ìlú wà nínú àkọsílẹ̀ Gray, àmọ́ àbàtà tí wọ́n ti mú un ni ó yẹ ká wá, kí yanrìn tí wọ́n ń dà láti kọ́lé tó bo ìyókù.