Ta Ló Lè Dá Àpò Alága Padà? Àwọn Òṣìṣẹ́ Ilé Ìtajà Oúnjẹ Bíò Tó Jẹ́ ti Ẹgbẹ́

Kì í ṣe òwú nìkan ni ilẹ̀ wa ń mú jáde. Àgbàdo, ẹ̀wà, sóyà àti ẹ̀pà ń gba ipò òwú lórí ilẹ̀ kan náà láti ọdún dé ọdún. Ẹgbẹ́ tó bá ń gbìn wọ́n ní ọ̀nà bíò, ìyẹn láìlo oògùn apakòkòrò oníkẹ́míkà àti ajílẹ̀ olóyìnbó, lè fẹ́ ní ilé ìtajà tirẹ̀ ní Lomé, dípò kí ó máa fi ọjà lé alágbàtà lọ́wọ́ létí oko.

Ohun tí a sábà máa ń kọ́kọ́ rò ni owó: owó ilé, owó ọkọ̀, owó àpò. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó máa ń tú irú ilé ìtajà bẹ́ẹ̀ ká jù ni ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ta ló gbà wọ́n síṣẹ́? Ta ló ń pàṣẹ fún wọn? Kí ni wọ́n lè kọ̀? Ìwé yìí dá lórí ìbéèrè wọ̀nyí.

Àpẹẹrẹ kan

Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ẹgbẹ́ kan gba ilé ìtajà sí Adakpamé, ní ìhà ìlà oòrùn Lomé. Wọ́n gba obìnrin kan láti máa tajà, wọ́n sì gba ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti máa tọ́jú ẹrù. Lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ kó àpò ẹ̀wà dé láti abúlé. Olùtọ́jú ẹrù tú àpò kan wò, òórùn oògùn òwú sì ta sí i nímú. Ó wo ara àpò náà, ó rí orúkọ alága ẹgbẹ́.

Kí ni ọ̀dọ́mọkùnrin yìí yóò ṣe? Alága wà lára àwọn tó gbà á síṣẹ́. Alága tó bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ orí. Bí ó bá dákẹ́, ẹ̀wà náà yóò di títà ní orúkọ gbogbo ẹgbẹ́. Bí ó bá sọ̀rọ̀, wọ́n lè sọ pé ó ya aláfojúdi, kí iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nínú ẹgbẹ́ tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti ní ìdáhùn tó lè fi ọ̀wọ̀ sọ: "Bàbá, ẹ má bínú. Kì í ṣe èmi ni mo kọ̀ ọ́, ìwé òfin ẹgbẹ́ ló kọ̀ ọ́." Ìwé tí gbogbo yín jọ fọwọ́ sí ló máa ń jẹ́ kí ọmọdé lè sọ òtítọ́ fún àgbà láìtàbùkù rẹ̀.

Ìdí tí àpò kan ṣoṣo fi ṣe pàtàkì

Oògùn òwú kì í ṣe oògùn oúnjẹ. Ní àkókò òwú 1999 sí 2000, ní agbègbè Borgou ní Benin, endosulfan tí wọ́n ń fín sí òwú ṣe àwọn ènìyàn ní jàǹbá. Àkọsílẹ̀ ìjọba sọ pé ó kéré tán, ènìyàn 37 ló kú. Oúnjẹ tí oògùn ti kàn wà lára ohun tó fa ikú wọ̀nyẹn. Látìgbà náà ni ọ̀rọ̀ òwú bíò tí ẹgbẹ́ OBEPAB ti bẹ̀rẹ̀ ní Benin ní 1996 ti túbọ̀ yé ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ẹni tó bá ra ẹ̀wà bíò kò lè fi ojú lásán mọ̀ bóyá bíò ni lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu yín ló ń rà. Bí àpò kan bá ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́, àpò gbogbo àwọn yòókù ti bàjẹ́ nìyẹn, títí kan ti ẹni tó fi ọwọ́ tu koríko láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò dé òpin rẹ̀.

Kò sì sí ìdí láti da oògùn sí ẹ̀wà kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Ẹ sá a kí ó gbẹ dáadáa, kí ẹ dà á sínú àpò onípele mẹ́ta, kí ẹ fún afẹ́fẹ́ jáde, kí ẹ so ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan ìpele náà pinpin. Kòkòrò tó bá wà nínú rẹ̀ kò ní rí afẹ́fẹ́ mí, yóò sì kú. Àpò tí a ti fi kó ajílẹ̀ olóyìnbó tàbí oògùn rí kò gbọdọ̀ gba oúnjẹ láéláé.

Ipò mẹ́ta tí a kò gbọ́dọ̀ pò pọ̀

Lomé ni àwọn orílẹ̀-èdè OHADA ti fọwọ́ sí òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá ọdún 2010. Òfin náà kan Togo, ó sì kan Benin. Ó fi hàn pé ipò mẹ́ta ló wà.

Àkọ́kọ́ ni àwọn olóhun. Olóhun ni gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ tó san owó ìpín. Nínú ìpàdé gbogbogbòò, ohùn kan ni ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní, ì báà ní ìpín kan tàbí ogún.

Èkejì ni àwọn tí a dìbò yàn. Nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kékeré, tí ènìyàn márùn-ún lè dá sílẹ̀, ìgbìmọ̀ ìṣàkóso kò gbọ́dọ̀ ju ènìyàn mẹ́ta lọ. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá tó 100, wọ́n lè di márùn-ún. Ìgbìmọ̀ olùṣọ́ tún wà, tó ń yẹ iṣẹ́ àwọn yẹn wò. A kì í san owó oṣù fún ìgbìmọ̀ ìṣàkóso. Owó tí wọ́n ná lórí iṣẹ́ ẹgbẹ́, bíi owó ọkọ̀, ni a lè dá padà fún wọn.

Ẹ̀kẹta ni àwọn òṣìṣẹ́ tí ń gba owó oṣù. Ọmọ ẹgbẹ́ lè wà nínú wọn, ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ náà lè wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gba owó oṣù lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kò gbọ́dọ̀ jókòó nínú ìgbìmọ̀ olùṣọ́. Ẹnì kan kì í ṣe iṣẹ́ kí òun náà tún jẹ́ ẹlẹ́rìí pé iṣẹ́ náà dára.

Ẹ̀yin náà mọ èyí ní ọjà òwú. Ẹni tó wà nídìí òṣùwọ̀n kì í ṣe ẹni tó ń kọ ìwọ̀n sílẹ̀, gbogbo àgbẹ̀ sì dúró ń wò wọ́n. Bí ilé ìtajà ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Àwọn iṣẹ́ tó wà níbẹ̀

*Abẹ̀kowò.* Òun ló ń lọ láti oko dé oko, tó ń kọ ohun tí a fín sílẹ̀, tó sì ń wò bóyá afẹ́fẹ́ ń gbé oògùn wá láti oko ẹlòmíràn. Ẹ̀rọ tí a fi fín oògùn sí òwú kò gbọ́dọ̀ wọ oko bíò. Bí ẹ bá ń ronú láti tà sí ilẹ̀ Yúróòpù, òfin wọn béèrè pé kí ilẹ̀ ti wà ní ọ̀nà bíò fún ọdún méjì kí a tó gbin irúgbìn ọlọ́dọọdún tí a óò tà gẹ́gẹ́ bíi bíò. Ìwé abẹ̀kowò ni ẹ̀rí yín.

*Olùtọ́jú ẹrù.* Ó ń gba ọjà, ó ń wọ̀n ọ́n, ó ń kọ orúkọ olóko àti ọjọ́ sí ara àpò kọ̀ọ̀kan. Òun ni ilẹ̀kùn ilé ìtajà. Bí òun bá sùn, kò sí ẹlòmíràn tó lè mọ ohun tó wọlé.

*Olùtajà.* Ó ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀. Ó yẹ kó lè sọ abúlé tí ẹ̀wà ti wá àti bí a ṣe gbìn ín. Ẹ mú un lọ sí oko ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, ó kéré tán, kó lè sọ ohun tó fi ojú rí.

*Akọ̀wé owó.* Ó ń kọ owó tó wọlé àti èyí tó jáde lójoojúmọ́. Kò yẹ kó jẹ́ òun náà ni yóò máa gba owó lọ́wọ́ oníbàárà.

Ilé ìtajà kékeré kò lè gba ènìyàn mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnì kan lè ṣe iṣẹ́ méjì. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi owó àti ìwé owó sí ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo.

Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ àti iṣẹ́ olówó oṣù

Ní 1844, ní Rochdale ní ilẹ̀ England, ènìyàn 28, tí àwọn ahunṣọ wà nínú wọn, dá owó jọ díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n fi ṣí ilé ìtajà oúnjẹ. Ìyẹ̀fun, bọ́tà àti ṣúgà ni wọ́n ń tà. Nígbà yẹn, àwọn oníṣòwò ń pò nǹkan mọ́ ìyẹ̀fun, àwọn sì pinnu láti ta ojúlówó pẹ̀lú òṣùwọ̀n tó péye. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fúnra wọn ló ń tajà ní ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́. Ìgbà tí ọjà pọ̀ ni wọ́n tó gba òṣìṣẹ́.

Ní Brooklyn ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ Park Slope tí a dá sílẹ̀ ní 1973 ṣì ń jẹ́ kí ọmọ ẹgbẹ́ ṣiṣẹ́ ní ilé ìtajà wọn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 45 ni ọmọ ẹgbẹ́ ń ṣe ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin. Síbẹ̀, wọ́n ní òṣìṣẹ́ olówó oṣù pẹ̀lú.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé iṣẹ́ ọ̀fẹ́ dára fún ohun tí a lè pín láàárín ara wa: ṣíṣa ẹ̀wà, dídi ọjà sínú ọ̀rá, gbígbá ilé. Iṣẹ́ tó nílò ẹnì kan lójoojúmọ́ nílò owó oṣù. Ní Togo, láti oṣù Kìíní ọdún 2023, owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin jẹ́ fáráńkì 52.500. Òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní ìwé àdéhùn, ẹ sì gbọ́dọ̀ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní CNSS. Ẹ má ṣe sọ pé "ọmọ wa ni, yóò yé e." Ọmọ yín náà ń sanwó ilé ní Lomé. Ẹni tí ebi ń pa nídìí àpótí owó, ẹgbẹ́ ló ń dán an wò.

Bí a ṣe ń pín èrè

Owó oṣù kì í ṣe ara èrè. A ti san án kí a tó mọ iye tó ṣẹ́ kù. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kan: bí fáráńkì 500.000 bá ṣẹ́ kù lópin ọdún, òfin OHADA ní kí a yọ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún, ó kéré tán, sí owó ìpamọ́ gbogbogbòò, kí a sì yọ ìdá 20 mìíràn sí owó ẹ̀kọ́ ọmọ ẹgbẹ́, títí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò fi tó iye owó ìpín tó wà nínú ìwé òfin ẹgbẹ́. Ìyẹn jẹ́ 100.000 àti 100.000. Ó ku 300.000. Bí ìpàdé gbogbogbòò bá ní kí a pín in gẹ́gẹ́ bíi ristourne, ìwọ̀n ọjà tí ẹnì kọ̀ọ̀kan kó wá ni a óò fi pín in. Bí gbogbo yín bá kó kílò 10.000 wá, fáráńkì 30 ni lórí kílò kan. Ẹni tó kó kílò 200 wá yóò gba 6.000.

Láti inú owó ẹ̀kọ́ yẹn ni ẹ ti lè rán olùtọ́jú ẹrù lọ kọ́ṣẹ́ sí i.

Ohun tí ẹ óò kọ sílẹ̀ kí ẹ tó ṣílẹ̀kùn

1. Olùtọ́jú ẹrù ní àṣẹ láti dá àpò ẹnikẹ́ni padà, títí kan ti alága. Yóò kọ ìdí rẹ̀ sínú ìwé, ẹlẹ́rìí kan yóò sì fọwọ́ sí i.
2. Ẹni tí a dá àpò rẹ̀ padà lè pe ẹjọ́ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ olùṣọ́. Kò gbọ́dọ̀ lọ bá òṣìṣẹ́ náà jà.
3. A kò lè lé òṣìṣẹ́ nítorí pé ó dá àpò padà.
4. Ẹnì kan ṣoṣo ni yóò máa pàṣẹ fún òṣìṣẹ́. Ìgbìmọ̀ ìṣàkóso ni yóò yan ẹni náà. Ọmọ ẹgbẹ́ tó bá wá sí Lomé kò gbọ́dọ̀ wọlé kó máa pàṣẹ tirẹ̀.
5. Kò sí ẹni tó lè mú ọjà tàbí owó ní àwìn láìsí ìwé, alága tàbí akápò.
6. Olùtajà yóò máa ka iye tó tà fún ìpàdé ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta.

Fún ìpàdé yín tó ń bọ̀

Ẹ ka ìwé yìí sókè fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, kí ẹ sì jọ dáhùn ìbéèrè mẹ́ta yìí:

— Nínú ẹgbẹ́ wa, ta ló lè dá àpò alága padà lónìí?
— Ibo ni a kọ ọ́ sí?
— Bí ó bá dá a padà, ta ni yóò dúró tì í?

Bí ẹ kò bá rí ìdáhùn sí ìbéèrè kẹta, ẹ má tíì gba ilé ìtajà. Ẹ kọ́kọ́ wá ẹni tí yóò dúró tì í, kí alága fúnra rẹ̀ sì jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò fọwọ́ sí ìwé náà.