Àwọn Táíwò tí Ayé Mọ̀

Táíwò wà lára àwọn orúkọ àmútọ̀runwá Yorùbá. Ọmọ tó bá kọ́kọ́ jáde nínú ìbejì ló ń jẹ́ ẹ, ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin. Àwọn kan ń pè é ní Táyéwò, ọ̀pọ̀ sì máa ń gé e kúrú sí Táyé tàbí Táíyé. Ìgbàgbọ́ àwọn àgbà ni pé Kẹ́hìndé tó gbẹ̀yìn jáde ni ẹ̀gbọ́n, àti pé òun ló rán Táíwò ṣíwájú kó lọ wo ayé bóyá ó dára. Orúkọ yìí kò béèrè ẹ̀sìn tí bàbá ń ṣe, kò sì béèrè bóyá ilé ọba ni wọ́n ti bí ọmọ tàbí ilé àgbẹ̀. Ẹni tó ń jẹ́ Ifáyẹmí, a ti mọ irú ilé tó ti wá; ẹni tó ń jẹ́ Adégbìtẹ́, a mọ̀ pé adé wà nínú ìtàn ìdílé rẹ̀. Ti Táíwò kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ọmọ ṣe wáyé nìkan ló ń sọ. Ìdí nìyí tí a fi ń bá a lára Mùsùlùmí àti Kristẹni, lára ọmọ Ìlọrin àti ọmọ Ẹ̀gbá, lára oníṣòwò, ológun, olórin àti agbábọ́ọ̀lù. Yorùbá sì ń bí ìbejì ju ọ̀pọ̀ ẹ̀yà lágbàáyé lọ, Igbó-Ọrà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni wọ́n sì sábà máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ. Orúkọ náà kò lè ṣọ̀wọ́n.

Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ àti ọ́fíìsì dé, tí olúkúlùkù gbọ́dọ̀ ní orúkọ bàbá tí yóò kọ sínú ìwé, Táíwò kan nínú ìdílé lè sọ gbogbo àtọmọdọ́mọ rẹ̀ di Táíwò. Ìyẹn ló fà á tí àwọn kan fi ń jẹ́ orúkọ náà láìjẹ́ ìbejì rárá.

Ní Èkó, ẹni tí orúkọ yìí kọ́kọ́ ròkè lára rẹ̀ ni Daniel Conrad Táíwò, tí gbogbo ìlú ń pè ní Táíwò Olówó. Ìṣẹrì ló ti wá sí Èkó láti ṣòwò ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, nígbà tí epo pupa àti ẹ̀kùrọ́ ń gba etíkun lọ sí òkè òkun. Ó rí towó ṣe gan-an, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń tà lọ́dọ̀ Glover, gómìnà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi sí Èkó. Nígbà tó kú ní ọdún 1901, kò sí àní-àní pé ọ̀kan nínú àwọn sàràkí ìlú ló lọ.

Kọ́nẹ́ẹ̀lì Ibrahim Táíwò kò pẹ́ láyé tó bẹ́ẹ̀. Ìjọba ológun Murtala Muhammed fi í ṣe gómìnà Kwara ní ọdún 1975. Kò tíì pé ọdún kan lórí oyè nígbà tí àwọn ọmọ ogun kan dìtẹ̀ ní ọjọ́ 13, oṣù Kejì, ọdún 1976. Ọjọ́ tí wọ́n yìnbọn pa Murtala ní Èkó gan-an ni wọ́n pa Táíwò ní Kwara. Òpópónà tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè wà ní àárín gbùngbùn Ìlọrin títí dòní, òwò sì pọ̀ níbẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́.

Láàárín àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ìlú lásìkò yìí, Táíwò Oyèdélé ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan àpò gbogbo ènìyàn. Onímọ̀ ìṣírò owó ni. Ní ọdún 2023 ni Ààrẹ Tinúbú fi í ṣe alága ìgbìmọ̀ tí yóò tún ètò owó orí Nàìjíríà tò. Àríyànjiyàn pọ̀ lórí iṣẹ́ wọn, àwọn gómìnà kan tilẹ̀ ta kò ó, ṣùgbọ́n Ààrẹ fọwọ́ sí òfin owó orí mẹ́rin tó jáde nínú rẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2025.

Láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé, orúkọ yìí ti kó àwọn òǹkàwé sí wàhálà díẹ̀. Àwọn onímọ̀ ọgbọ́n orí méjì ló wà ní Amẹ́ríkà tí àwọn méjèèjì ń jẹ́ Olúfẹ́mi Táíwò. Ọ̀kan ń kọ́ni ní Yunifásítì Cornell, òun ló kọ ìwé Against Decolonisation, níbi tó ti ń bá àwọn tó ń fi gbogbo ìṣòro Áfíríkà lé òyìnbó lórí jiyàn. Èkejì wà ní Yunifásítì Georgetown, òun ló kọ Elite Capture àti Reconsidering Reparations, èyí tó dá lórí ìtánràn fún òwò ẹrú àti ìjọba amúnisìn. Ọdún kan náà, 2022, ni ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde. Lẹ́tà O tí ẹni ti Georgetown ń fi sí àárín orúkọ rẹ̀ ni a fi ń dá wọn mọ̀ yàtọ̀. Èrò wọn kò bára mu lórí ọ̀pọ̀ nǹkan, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ tọ́ka sí èyíkéyìí nínú wọn gbọ́dọ̀ kíyè sí lẹ́tà yẹn dáadáa.

Òǹkọ̀wé Táíyé Selasi, tí wọ́n bí ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1979, jẹ́ ọmọ ìdílé Nàìjíríà àti Gánà. Nínú ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀ Ghana Must Go, tó jáde ní 2013, ó fi ìbejì kan sí àárín ìdílé tó ń sọ ìtàn wọn. Táíwò ibẹ̀ jẹ́ obìnrin, Kẹ́hìndé jẹ́ ọkùnrin. Ẹni tó mọ àṣà ìbejì wa yóò rí ohun púpọ̀ nínú ìwé náà tí àlejò kò ní rí.

Lórí ìtàgé, Táíwò Ajai-Lycett ni àgbà. Èkó ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1941. Ọ̀dọ́ ni nígbà tó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, kì í sì í ṣe eré ló bá lọ. Ní ọdún 1966 ló kọ́kọ́ gun orí ìtàgé, nígbà tí wọ́n ṣe The Lion and the Jewel ti Wọlé Ṣóyínká ní Royal Court. Lẹ́yìn ìgbà yẹn ló ṣe olóòtú ìwé ìròyìn Africa Woman. Àwọn ọ̀dọ́ tí kò mọ ìtàn yìí mọ ojú rẹ̀ láti inú eré tẹlifíṣọ̀n Tinsel.

Nínú orin, kò sí Táíwò tó dà bíi ti àwọn Líjàdù. Táíwò àti Kẹ́hìndé Líjàdù jẹ́ ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Jọ́s ní ọdún 1948, ìbátan Fẹlá sì ni wọ́n. Ní ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, àwọn obìnrin tó ń kọrin lẹ́yìn ọkùnrin pọ̀, ṣùgbọ́n obìnrin tó ń kọ orin tirẹ̀, tó ń fi orúkọ ara rẹ̀ gbé àwo jáde, kò wọ́pọ̀ rárá. Láàárín ọdún 1976 sí 1979 ni wọ́n gbé àwo mẹ́rin jáde lọ́dọ̀ Afrodisia: Danger, Mother Africa, Sunshine àti Horizon Unlimited. Biddy Wright ló bá wọn to ohùn ìlù àti gìtá.

Ẹni tó bá gbọ́ wọn fún ìgbà àkọ́kọ́ yóò rò pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń kọrin. Wọn kì í ṣe lílé àti ègbè bí àwọn olórin mìíràn ṣe máa ń ṣe. Wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ pọ̀, wọ́n máa ń mí pọ̀, wọ́n sì máa ń parí rẹ̀ pọ̀. Bí orin bá dé ibì kan, ohùn kan yóò rọra yà sókè díẹ̀, ìgbà yẹn ni etí yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ènìyàn méjì ni. Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ọ́, lórí ìlù tó gbóná tí gìtá òyìnbó ń gbà á lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ ìlú tí kò dán mọ́rán àti ìyà tó ń jẹ mẹ̀kúnnù wà nínú rẹ̀, bí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ṣe wà níbẹ̀.

Nígbà tó yá, àwọn méjèèjì lọ ń gbé ní Brooklyn ní Amẹ́ríkà. Ní àárín àwọn ọdún 1990, Kẹ́hìndé jábọ́ lórí àkàsọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sì bàjẹ́. Táíwò dúró tì í. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá tí a kò gbúròó wọn, títí àwọn ọ̀dọ́ òkè òkun fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwo wọn kiri, tí ilé-iṣẹ́ olórin sì tún tẹ̀ wọ́n jáde. Kẹ́hìndé kú ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019. Láyé àtijọ́, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, wọ́n á gbẹ́ ère fún un, ìyá á máa wẹ̀ ẹ́, á máa bọ́ ọ, kí èyí tó kù má bàa dá wà. Táíwò Líjàdù kò ní ère lọ́wọ́, ṣùgbọ́n nínú àwo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn, àwọn méjèèjì ṣì ń kọrin pọ̀. Horizon Unlimited tún jáde ní ọdún 2024.

Lórí pápá bọ́ọ̀lù, Táyé Táíwò ló kọ́kọ́ mú orúkọ yìí dé etí àwọn òyìnbó. Òun lọmọ tí orúkọ náà bá lẹ́ẹ̀mejì, orúkọ rẹ̀ gan-an àti orúkọ ìdílé rẹ̀. Èkó ni wọ́n bí i sí ní 1985. Ẹ̀yìn lápá òsì ló ń gbá, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ sì le débi pé àwọn asọ́lé máa ń múra sílẹ̀ bó bá ti gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀ fún fìríkííkì. Ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé àwọn tí kò ju ogún ọdún lọ, ní Netherlands ní ọdún 2005, Nàìjíríà ṣe ipò kejì. Nígbà tí wọ́n ń pín ẹ̀bùn agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ, Messi gba ti wúrà, Mikel gba ti fàdákà, Táíwò gba ti idẹ. Ní oṣù Kìíní ọdún 2006, òun ló gbá gòólù kan ṣoṣo tí Nàìjíríà fi na Gánà ní Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà. Ó lo ọdún mẹ́fà ní Marseille, ó sì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gba liigi Faransé ní 2010. AC Milan tó lọ lẹ́yìn náà kò gbè é.

Ọ̀nà tí Táíwò Awóníyì gbà le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlọrin ni wọ́n bí i sí ní 1997. Ó wà lára àwọn ọmọ tó gba Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé àwọn tí kò ju ọdún 17 lọ fún Nàìjíríà ní 2013. Liverpool rà á ní 2015, ṣùgbọ́n kò rí ìwé àṣẹ iṣẹ́ gbà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí wọ́n ṣe ń yá a kiri nìyẹn: Jámánì, Netherlands, Bẹ́ljíọ̀mù, kó tún padà sí Jámánì. Ìgbà méje ni wọ́n yá a, kò sì wọ aṣọ Liverpool gbá ìdíje kan. Ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin ni irú èyí ti bà lọ́kàn jẹ́ tí wọ́n fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Awóníyì kò fi í sílẹ̀. Ní Union Berlin ló ti rí ilé, ó gbá gòólù 15 wọlé ní Bundesliga ní sáà 2021 sí 2022, Nottingham Forest sì fi nǹkan bíi mílíọ̀nù pọ́ùn 17 rà á.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022, Forest gbá ìdíje Premier League àkọ́kọ́ nílé wọn lẹ́yìn ọdún 23. Awóníyì ló gbá gòólù tí wọ́n fi na West Ham. Ní oṣù Karùn-ún ọdún tó tẹ̀ lé e, òun náà ló gbá èyí tí wọ́n fi na Arsenal. Gòólù kan yẹn dá Forest dúró sí liigi, ó sì fi ife lé Manchester City lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan náà. Ní ọjọ́ 11, oṣù Karùn-ún, ọdún 2025, nígbà tí wọ́n ń bá Leicester gbá, ó sáré lé bọ́ọ̀lù ó sì fi ikùn gbá òpó ilé. Ẹni tó fún un ní bọ́ọ̀lù náà ti wà ní offside, àmọ́ igbákejì rẹfirí kò tíì na àsíá sókè. Ọgbẹ́ inú náà pọ̀ débi pé wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n sì fi oògùn mú un sùn fọnfọn kí ara rẹ̀ lè gba ìtọ́jú. Ọlọ́run dá a sí.

Okùn orúkọ yìí dé Kúbà pẹ̀lú. Àwọn olórìṣà ibẹ̀ ṣì ń pe òrìṣà ìbejì ní Taewo àti Kaindé. Àwọn ìbejì olórin tó ń jẹ́ Ibeyi, Lisa-Kaindé àti Naomi Díaz, tí bàbá wọn jẹ́ ọmọ Kúbà, máa ń fi èdè Yorùbá tí àwọn baba wọn gbé sọdá òkun kọrin.

Síbẹ̀, nínú gbogbo wọn, Michael Táíwò Akínkùnmí ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ súnmọ́ gbogbo ọmọ Nàìjíríà jù. Ọdún 1936 ni wọ́n bí i ní Ìbàdàn, Òwu ní Abẹ́òkúta sì ni ìdílé rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ni ní Norwood Technical College ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà tó rí ìkéde nínú ìwé ìròyìn ní ọdún 1958 pé ìjọba ń wá ẹni tí yóò ya àsíá fún Nàìjíríà tó fẹ́ gbòmìnira. Ó yà á, ó fi ránṣẹ́. Àwọ̀ ewé ló fi sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì nítorí ilẹ̀ ọlọ́ràá àti iṣẹ́ àgbẹ̀, funfun ló fi sí àárín nítorí àlàáfíà, ó sì fi oòrùn pupa kan sórí funfun náà. Àwọn adájọ́ yọ oòrùn kúrò, wọ́n gba ìyókù. Ọgọ́rùn-ún pọ́ùn ni wọ́n fún un. Ní ọjọ́ kìíní, oṣù Kẹwàá, ọdún 1960, wọ́n ta àsíá náà.

Akínkùnmí padà sílé, ó ṣiṣẹ́ ìjọba ní ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìbàdàn, ó sì fẹ̀yìn tì ní ọdún 1994. Ìlú gbàgbé rẹ̀. Ilé rẹ̀ tó kùn ní àwọ̀ ewé àti funfun ni àwọn ará àdúgbò fi ń júwe rẹ̀, wọ́n sì sọ òun fúnra rẹ̀ ní Mr Flag Man. Ọdún 2014 ni Ààrẹ Goodluck Jonathan tó fi oyè OFR dá a lọ́lá, ọdún 54 lẹ́yìn òmìnira. Ó kú ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 29, oṣù Kẹjọ, ọdún 2023, ní ẹni ọdún 87. Ìdílé rẹ̀ retí pé ìjọba àpapọ̀ yóò sin ín bí ó ti yẹ. Ó lé ní ọdún kan kó tó wọ ilẹ̀, ní 2024, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló sì dìde sí i. Ìdádúró yẹn kò bójú mu rárá. Ó yẹ kí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé tí àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń kà, ní ojú ewé kan náà tí wọ́n ya àsíá sí.