Oyún Tó Wálẹ̀: Ìbéèrè Tó Yẹ Ká Bi Obìnrin

Ní Ìjàyè àti àwọn abúlé oko tó yí i ká ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, obìnrin kì í kéde oyún oṣù méjì. Ọkọ lè mọ̀, ìyá ọkọ lè mọ̀, ó tán. Ayé le, wọ́n ní kó yọ ná. Àṣà yìí ní ìdí tirẹ̀, ṣùgbọ́n oyún tí a kò sọ, bó bá wálẹ̀, a kì í sọ òun náà. Ìyẹn ni obìnrin mẹ́wàá fi lè jókòó yí òkìtì ẹ̀gẹ́ ká, tí wọ́n jọ ń bẹ ẹ́, kó ti ṣẹlẹ̀ sí méjì tàbí mẹ́ta nínú wọn rí, kí kálukú sì máa rò pé òun nìkan ni.

Ó wọ́pọ̀ gan-an. Nínú oyún 10 tí obìnrin mọ̀ pé òun ní, ọ̀kan sí méjì ló ń bàjẹ́, èyí tó pọ̀ jù sì jẹ́ kí oṣù mẹ́ta tó pé. Síbẹ̀, ìbéèrè tí ilé máa ń kọ́kọ́ bi í ti ní ìdájọ́ nínú. Kí lo gbé? Kí lo jẹ? Ta lo bá jà?

Ìdajì àwọn oyún tó ń bàjẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, ó kéré tán, kò sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ọmọ máa ń gba fọ́nrán 23 lára bàbá, 23 lára ìyá. Kírómósómù ni àwọn dókítà ń pè wọ́n, inú wọn ni ìlànà bí ara ọmọ yóò ṣe rí wà. Bí ọ̀kan bá lé tàbí tó dín nígbà tí àtọ̀ pàdé ẹyin, oyún lè fìdí múlẹ̀, kó dàgbà fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kó wá dúró. Nígbà míì, ó ti dákẹ́ tó ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì kí ẹ̀jẹ̀ tó yọ. Igi tí obìnrin rù lánàá kọ́ ló pa á. Gàrí tó yan kọ́, ìjà tó bá orogún jà kọ́. Bí ọjọ́ orí ìyá bá ti ń kọjá 35, àṣìṣe yìí ń pọ̀ sí i.

Àwọn mìíràn ní ìdí tí a lè gbá mú. Lágbègbè oko, ibà ni kí a kọ́kọ́ fura sí: kòkòrò rẹ̀ máa ń sá pamọ́ sínú ibi ọmọ, ara ìyá sì lè má gbóná rárá. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fún aláboyún ní oògùn ibà Fansidar láti oṣù kẹrin, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mẹta, kí oṣù kan wà láàárín wọn, tí wọ́n sì ń fún un ní nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn. Ìtọ̀ ṣúgà tí a kò tọ́jú àti fòníkú-fọ̀ladìde náà lè ba oyún jẹ́.

Ti oṣù kẹrin sí ìkẹfà yàtọ̀. Ẹnu ilé ọmọ lè là ṣáájú àkókò, láìsí ìrora púpọ̀. Obìnrin tí oyún rẹ̀ ń wálẹ̀ báyìí léraléra ni wọ́n sábà máa ń ní ayé ń ṣe. Dókítà lè rán ẹnu ilé ọmọ náà. Shirodkar, dókítà kan ní Íńdíà, ti kọ nípa rẹ̀ ní 1955, kí wọ́n tó ṣí ilé ìwòsàn UCH Ìbàdàn ní 1957. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tún máa pàdánù ọmọ ìkẹta kó tó gbọ́ ọ.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá wá ń dà, ìbéèrè tó yẹ ni: báwo ló ṣe ń dà tó? Bí páàdì méjì bá ń rin gbingbin láàárín wákàtí kan, fún wákàtí méjì léraléra, bí òòyì bá ń kọ́ ọ, bí ara bá gbóná tàbí tí ohun tó ń jáde ń rùn, ẹ wá mọ́tò. Inú rírun ní ẹ̀gbẹ́ kan pẹ̀lú dídákú lè jẹ́ oyún tó fìdí sí ìta ilé ọmọ, ìyẹn kì í dúró kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí ilé ìwòsàn tó súnmọ́ kò bá lágbára rẹ̀, ẹ kọjá sí Adéọ̀yọ́ ní Yemẹtù tàbí UCH. Ẹ máa gbàdúrà nínú mọ́tò.

Ẹ̀rù míì ń dá àwọn kan dúró sílé: kí nọ́ọ̀sì má lọ rò pé ó ṣẹ́ ẹ ni. Òfin Nàìjíríà le lórí ìṣẹ́yún, ṣùgbọ́n oyún tó wálẹ̀ fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ìtọ́jú ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ kò sì lòdì sófin. Kó sọ gbogbo àgbo àti oògùn tó lò.

Bí gbogbo rẹ̀ bá ti jáde, kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ fọ̀ nínú ilé ọmọ. Bó bá ṣẹ́ kù, wọ́n lè ní kó dúró wò ó fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, wọ́n lè fún un ní misoprostol, wọ́n sì lè fi ohun èlò kékeré kan fa ìyókù jáde. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ Rhesus negative, kó tètè sọ. Abẹ́rẹ́ kan wà tó yẹ kó gbà láàárín wákàtí 72, pàápàá bí oyún bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ 12.

Lẹ́yìn náà, ẹ̀jẹ̀ lè máa kán títí di ọ̀sẹ̀ méjì. Títí tí yóò fi dá, kí ohunkóhun má wọ ojú ara: ọkọ, àgbo, ọṣẹ. Kí ìyá àgbà má sì fi agbára tẹ ikùn. Bí oyún bá ti lé ní oṣù mẹ́rin, wàrà lè sọ̀ sí ọmú. Èyí máa ń bá obìnrin lójijì, ó sì máa ń dùn ún ju ẹ̀jẹ̀ lọ. Kó wọ kọ́mú tó dì í dáadáa, kó fi aṣọ tútù lé e, kó má fún un, yóò gbẹ.

Àwọn aládùúgbò á wá kí i pé omi ló dànù, agbè kò fọ́. Òótọ́ ni, ọ̀pọ̀ àwọn tí oyún wọn bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan ló ń bímọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tètè sọ ọ́ jù kò jẹ́ kó sunkún omi tó dànù. Ẹ jẹ́ kó sunkún. Bí ọ̀sẹ̀ bá ń gorí ọ̀sẹ̀ tí kò jẹun, tí kò sùn, tàbí tó ń sọ pé ikú yá, ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn ni.

Ìgbà wo ló tún lè lóyún? Ní 2005, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kó fún un ní oṣù mẹ́fà. Ṣùgbọ́n ìwádìí kan ní Scotland, tó jáde ní 2010, tó kan obìnrin tó lé ní 30,000, rí i pé ewu kò pọ̀ sí i fún àwọn tí kò dúró tó bẹ́ẹ̀. Ẹyin lè jáde kí nǹkan oṣù tó padà, nítorí náà ẹni tí kò bá tíì fẹ́ kó béèrè ìfètò-sọ́mọ-bíbí kó tó kúrò nílé ìwòsàn. Bó bá wá di ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, kó lọ ṣàyẹ̀wò, kí ọkọ náà sì tẹ̀ lé e, nítorí lára kírómósómù 46 tí ọmọ ń gbà, 23 jẹ́ tirẹ̀.