Yíyan Kíbọ́ọ̀dù tí Yóò Wúlò Nílé

Orúkọ kan ṣoṣo ni kíbọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n irinṣẹ́ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń jẹ́ ẹ. Èkínní ni piano oníná, tí wọ́n ṣe kí ó lè dún bíi dùùrù onígi, kí kíì rẹ̀ sì wúwo lábẹ́ ìka. Èkejì ni arranger, tí ìlù, béèsì àti gìtá ti wà nínú rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni synthesizer, tí wọ́n fi ń ṣẹ̀dá ohùn tí kò sí tẹ́lẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni controller, tí kò ní ohùn kankan nínú ara tirẹ̀. Kọ̀ǹpútà ló ń bá a fọhùn. Lórí pẹpẹ ìtajà, ìrísí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀: kíì funfun, kíì dúdú, bọ́tìnnì lọ́tùn-ún lósì. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ló yàtọ̀, iṣẹ́ tí olùrà fẹ́ fi í ṣe ló sì yẹ kó pinnu èyí tí yóò gbé lọ sílé.

Arranger ló gbilẹ̀ jù nílẹ̀ Yorùbá. Òun ló wà ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, òun náà sì ni ẹni kan ṣoṣo ń tẹ̀ níbi ìkómọ tí ẹni tó wà lẹ́yìn ògiri yóò fi rò pé odindi ẹgbẹ́ olórin ló jókòó. Ọwọ́ òsì á di kọ́ọ̀dù mú, ẹ̀rọ á máa lu ìlù, á máa ta béèsì. Bí kọ́ọ̀dù bá ṣe ń yí ni béèsì náà ń yí tẹ̀ lé e. Ìlù àfisínú yìí ni wọ́n ń pè ní sítáì. Sípíkà wà lára rẹ̀, nítorí náà ẹni tó ń dá orin kọ nílé kò nílò nǹkan mìíràn. Ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ gba orin sílẹ̀ ni àléébù rẹ̀ ń hàn. Sítáì tó wà nínú ẹ̀rọ kan ló wà nínú gbogbo irú rẹ̀, orin tuntun á wá máa dún bí orin aládùúgbò. Bí wọ́n bá sì fi wáyà gba ohùn rẹ̀, ìlù, béèsì àti dùùrù á jáde ní àpòpọ̀ bí ọbẹ̀ tó ti jinná: kò sí bí wọ́n ṣe lè yọ iyọ̀ kúrò nínú rẹ̀ mọ́.

Ohun tí synthesizer ń ṣe jọ iṣẹ́ ẹni tó ń sẹ́ ògì. Apá kan nínú ẹ̀rọ náà á mú ohùn líle jáde, apá kejì tó jẹ́ asẹ́ á yọ èyí tí wọn kò fẹ́ kúrò, apá kẹta á sì pinnu bí ohùn yóò ṣe bẹ̀rẹ̀ àti bí yóò ṣe kú: ṣé lójijì bí ìgbà tí wọ́n ta okùn gìtá ni, àbí díẹ̀díẹ̀ bí ìgbà tí èémí ń wọ inú fèrè. Robert Moog, ará Amẹ́ríkà, gbé synthesizer tirẹ̀ jáde ní 1964. Ní 1970 ni Minimoog dé, èyí tí olórin lè gbé lọ sóde eré, ṣùgbọ́n ohùn kan ṣoṣo ló lè mú jáde lẹ́ẹ̀kan. Yamaha DX7 tó jáde ní 1983 lè mú 16 jáde pọ̀. Ọdún yẹn náà ni King Sunny Adé gbé àwo Synchro System jáde, tí synthesizer ń dún láàrin gìtá àti gángan. Ẹni tó fẹ́ràn láti máa wá ohùn tuntun kiri yóò gbádùn irinṣẹ́ yìí. Ẹni tó kàn fẹ́ tẹ orin ìyìn díẹ̀ lálẹ́ kó tó sùn, bọ́tìnnì rẹ̀ lè tètè sú u.

Lẹ́yìn irú, iye kíì ló kàn. Piano gidi ní 88. Bí wọ́n bá ka funfun àti dúdú pọ̀, kíì 12 ló wà láti dó kan kí wọ́n tó kan dó tó tẹ̀ lé e lókè, nítorí náà kíbọ́ọ̀dù oníkíì 61 gba irú ìpele bẹ́ẹ̀ márùn-ún. Èyí tó fún orin ìjọ, jùjú àti háíláìfù, tọwọ́ òsì tọwọ́ ọ̀tún. Ọmọ tó ń kọ́ piano láti ṣèdánwò nílò 88, nítorí àwọn orin kan á jáde kúrò lójú 61. Ẹni tó ń to orin jọ lórí kọ̀ǹpútà, tó ń tẹ béèsì lákọ̀ọ́kọ́, tó wá ń tẹ fèrè lé e lórí, lè fi 49 tàbí 25 pàápàá ṣe é.

Bí kíì ṣe rí lábẹ́ ìka ṣe pàtàkì ju iye rẹ̀ lọ. Bí onílù bá kan awọ jẹ́jẹ́, ohùn á jáde jẹ́jẹ́. Bó bá fi agbára lù ú, á han. Kíbọ́ọ̀dù tó mọ agbára ìka ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn olówó pọ́ọ́kú kan kò mọ̀ ọ́n: bí wọ́n fọwọ́ bà á, bí wọ́n gbá a, bákan náà ló ń dún. Orin tí wọ́n bá fi irú rẹ̀ gbà sílẹ̀ kì í mí. Ní ti ìwúwo, kíì piano oníná ń ta ko ìka díẹ̀ bí ti dùùrù onígi, ti synthesizer sì máa ń fúyẹ́. Ẹni tó bá fi kíì fífúyẹ́ nìkan kọ́ṣẹ́, ìka rẹ̀ á tètè rẹ̀ ní ọjọ́ tó bá jókòó sídìí piano gidi.

Iye ohùn tí ẹ̀rọ lè mú jáde pọ̀ lẹ́ẹ̀kan tún yẹ ní bíbéèrè. Bí ó bá jẹ́ 32, ó lè dà bíi pé ó ti pọ̀, nígbà tí ìka kò ju mẹ́wàá lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ bá tẹ pẹ́dà mọ́lẹ̀, ohùn àtẹ̀yìnwá kò tíì kú tí tuntun fi ń wọlé, sítáì náà sì ń jẹ nínú rẹ̀. Nígbà tí àyè bá kún, ẹ̀rọ á pa èyí tó ti pẹ́ jù. 64 sàn ju 32 lọ, 128 sì ń fọkàn ẹni balẹ̀.

Ẹni tó fẹ́ gba orin sílẹ̀ gbọ́dọ̀ yí kíbọ́ọ̀dù padà kó wo ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí ọ̀nà méjì ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ fi ń jáde. Ọ̀nà kìíní ni ohùn fúnra rẹ̀, tó ń gba ihò wáyà gìtá jáde lọ sínú ẹ̀rọ kékeré tó ń gbé e dé kọ̀ǹpútà. Ihò hẹ́dífóònù lè ṣe é bí kò bá sí òmíràn. Ọ̀nà kejì ni MIDI, tó sábà máa ń gba wáyà USB. MIDI kì í gbé ohùn. Ó dà bí ìwé tí wọ́n kọ dó-ré-mí sí: ìwé náà kì í kọrin, ó kàn ń sọ fún ẹgbẹ́ akọrin ohun tí wọ́n máa kọ. Ó ń sọ kíì tí wọ́n tẹ̀, ìgbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, ìgbà tí wọ́n fi í sílẹ̀, àti agbára tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, láti 1 dé 127. Ìdí nìyí tí wọ́n fi lè tún kíì kan tó ṣì ṣe láìtún gbogbo orin tẹ̀, tí wọ́n sì lè sọ dùùrù di fèrè lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti parí. Ní 1983 ni MIDI bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, látọwọ́ Dave Smith ará Amẹ́ríkà àti Ikutaro Kakehashi ará Japan, tí wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Grammy ti ìmọ̀ ẹ̀rọ nítorí rẹ̀ ní 2013. Kíbọ́ọ̀dù ayé ìgbà yẹn ṣì lè bá kọ̀ǹpútà òde òní sọ̀rọ̀, bí wáyà tó yẹ bá wà. Hẹ́dífóònù aláìní-wáyà kò dára fún gbígba orin sílẹ̀, torí ohùn rẹ̀ máa ń pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìka.

Bọ́tìnnì transpose, tó ń gbé ohùn gbogbo kíì sókè tàbí sísàlẹ̀ pọ̀, ni ọ̀pọ̀ atẹkíbọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀ṣì gbójú lé. Akọrin lè bẹ̀rẹ̀ orin láti ibi tó bá wù ú. Ẹni tó jẹ́ pé C nìkan ló mọ̀ ọ́n tẹ̀ á tẹ transpose títí yóò fi bá a. Bọ́tìnnì náà wúlò, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbàgbé rẹ̀ síbi tó wà, gìtá tí wọ́n gbà sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ kò ní bá kíbọ́ọ̀dù mu. Ẹni tó fẹ́ kí ohùn máa yọ̀ láti òkè wá sísàlẹ̀ bíi ti gángan ní láti wá kẹ̀kẹ́ pitch bend ní apá òsì. Ọ̀pọ̀ kíbọ́ọ̀dù olówó pọ́ọ́kú ni kò ní in.

Ọ̀rọ̀ iná kò ṣeé fojú fò. Àwọn kíbọ́ọ̀dù kéékèèké kan ń lo bátìrì, èyí tó dára níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀. Tòkunbọ̀ ló gba ìṣọ́ra jù: iná ilé ní Japan jẹ́ fóòtì 100, ti Amẹ́ríkà jẹ́ 120, ti Nàìjíríà sì jẹ́ 230. Ẹ̀rọ tí wọ́n kọ 100 nìkan sí lára, bí wọ́n bá ti ẹnu wáyà rẹ̀ bọ ògiri ní Ìbàdàn, á jóná. Bí àdápítọ̀ bá sọnù, fóòtì tuntun gbọ́dọ̀ bá ti àtijọ́ dọ́gba, ibi tí pọ́sítíìfù wà lẹ́nu wáyà gbọ́dọ̀ bá a mu, áḿpíà rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ kéré sí i.

Ní ṣọ́ọ̀bù, kí olùrà fi ohùn piano síbẹ̀, kó fi agbára kan náà tẹ kíì kọ̀ọ̀kan láti ìpẹ̀kun òsì dé ìpẹ̀kun ọ̀tún. Èyí tó bá dákẹ́, tàbí tó ké ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, rọ́bà abẹ́ rẹ̀ ti gbó tàbí eruku ti wọ̀ ọ́. Kó ti hẹ́dífóònù bọ̀ ọ́, kó mi ẹnu wáyà náà bóyá á máa dún gbàràgbàrà. Kó yí bọ́tìnnì ohùn sókè sódò. Kó ka fóòtì tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni kó tó wo iye ohùn tí wọ́n kọ gàdàgbà sójú páálí, nítorí nínú ẹgbẹ̀ta ohùn, mẹ́wàá péré ni ọ̀pọ̀ èèyàn á máa lò títí ẹ̀rọ náà yóò fi gbó.