Bí A Ṣe Ń Kan Púláìwúùdù Mọ́ra fún Ọkọ̀ Ojú Omi

Igi gẹdú pọ̀ ní ilẹ̀ Odígbó àti Ọ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ní Ìgbókòdá àti ilẹ̀ Ìlàjẹ, omi ni ọ̀nà. Ọkọ̀ onígi ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wọ̀ lọ sí ọjà. Bí ọkọ̀ bá là lórí omi, ẹ̀mí lè bọ́. Nítorí náà, ó yẹ kí ẹni tí ń kan ọkọ̀ àti ẹni tí ń rà á mọ ìwà púláìwúùdù.

Kí ni púláìwúùdù? A máa ń yí gẹdú lójú ọ̀bẹ gígùn, ọ̀bẹ náà á sì máa bó o ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Láti ayé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ilé iṣẹ́ African Timber and Plywood ti ṣe irú rẹ̀ ní Sàpẹ́lẹ̀. Gúlúù ni a fi ń lẹ ìpele kan mọ́ èkejì. Bí iṣan igi ìpele kan bá lọ ní òró, ti èkejì á lọ ní ìbú. Ìdí nìyí tí kì í fi í tètè là bíi pákó lásán.

Ẹ kọ́kọ́ wo ojú rẹ̀. Àwọn ìlà tí ẹ rí ni iṣan ìpele òde. Ọ̀nà tí iṣan yìí gbà ni púláìwúùdù ti le jù. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ó lọ láti iwájú ọkọ̀ dé ẹ̀yìn.

Púláìwúùdù kan sábà máa ń gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 8, ó sì fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 4. Bí ọkọ̀ bá gùn jù bẹ́ẹ̀, a ní láti so méjì pọ̀. Ọ̀nà méjì ni a lè gbà.

Èkíní: ẹ fá etí méjèèjì ní ìdàgẹ̀rẹ̀, kí ẹ fi gúlúù lẹ ọ̀kan lé èkejì. Ìdàgẹ̀rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ gùn tó ìlọ́po 8 nínípọn pákó. Bí pákó bá nípọn ní ìdajì ínǹṣì, ìdàgẹ̀rẹ̀ á jẹ́ ínǹṣì 4. Bí ó bá kúrú, ibi tí gúlúù dì mú ò ní tó, á sì já.

Èkejì: ẹ fi etí kan etí, kí ẹ lẹ púláìwúùdù mìíràn mọ́ ọn láti inú ọkọ̀. Kí iṣan àlẹ̀mọ́ náà dábùú ojú ìpàdé. Èyí rọrùn, ṣùgbọ́n kì í tẹ̀ dáadáa. Ẹ má fi í sí ibi tí ara ọkọ̀ ti tẹ̀ kọrọdọ.

Ẹ má jẹ́ kí ojú ìpàdé apá ọ̀tún àti ti òsì ko ara wọn.

Ó ku gúlúù. Gúlúù funfun tí a fi ń kan àga, omi á tú u. Ẹ ra èyí tí omi ò lè tú. Kí ẹ tó ra púláìwúùdù púpọ̀, ẹ gé díẹ̀ nínú rẹ̀, kí ẹ sè é nínú omi fún wákàtí 4. Bí ìpele rẹ̀ bá ṣí, ẹ fi í ṣe àjà ilé. Ẹ má gbé e dé ojú omi.